Akínlọ́lá Gba Ìkíni Lọ́wọ́ Aláboyún

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àìsàn tó ń ṣe Akínlọ́lá fún yín, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ara òun kò yá. Bí òjò bá rọ̀ ní Fort Washington ní Amẹ́ríkà, níbi tí ilé rẹ̀ wà, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé òun ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé ó yẹ kí ilẹ̀ tutù díẹ̀. Bí àlùfáà bá wàásù tó dùn, Akínlọ́lá a máa mi orí níjókòó bí ẹni pé òun ló kọ ọ́ fún un. Fáàrí ni àìsàn náà, ó sì ti wọ̀ ọ́ dé eegun.

Ilé ìwòsàn kan ló ti ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fi bíìlì ránṣẹ́ sí àwọn aláìsàn ló wà. Iṣẹ́ gidi ni, kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi Akínlọ́lá léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe kí ẹ gbọ́! Yóò gbé ọwọ́ lé àyà, yóò rẹ ohùn sílẹ̀, yóò ní, "À ń gbìyànjú láti gba ẹ̀mí là."

Ẹ̀mí wo? Ẹni tó bá ti gba bíìlì ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà rí mọ̀ pé ọjọ́ tí lẹ́tà yẹn bá wọlé, ńṣe ni ẹ̀mí ń fẹ́ bọ́.

Ní abúlé wọn, ní Ìdí-Ọsàn, Dókítà ni wọ́n ń pè é. Kò sọ fún wọn pé dókítà ni òun. Kò sì sọ fún wọn pé òun kì í ṣe dókítà. Irọ́ tí èèyàn kò fi ẹnu ara rẹ̀ pa, tó kàn gbé àga fún un kó jókòó, irọ́ náà ni, èmi kò sì rí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì.

Ìdí-Ọsàn yìí jìnnà sí ọ̀nà ọlọ́dà. Obìnrin tó bá fẹ́ bímọ níbẹ̀, ilé ìwòsàn kékeré kan ló ní, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ọmọ́kẹ́mi. Bí ọ̀ràn bá ju agbára Ọmọ́kẹ́mi lọ, ẹ̀yìn ọ̀kadà ni wọ́n ń gbé aláboyún sí, lórí ọ̀nà oníkòtò, títí dé ilé ìwòsàn ìjọba nílùú ńlá. Àwọn kan máa ń dé. Àwọn kan kì í dé.

Nígbà tí Akínlọ́lá lọ sílé fún Kérésìmesì ọdún 2005, Ọmọ́kẹ́mi kúnlẹ̀ kí i, ó sì bẹ̀ ẹ́ ní ohun kan.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wá dókítà àwọn aláboyún kan tí mo lè máa pè bí nǹkan bá rú mi lójú. Kó ṣáà máa gbé fóònù. Ìyẹn náà ti tó."

"Fóònù kẹ̀?" Akínlọ́lá rẹ́rìn-ín títí ejìká rẹ̀ fi ń mì. "Ṣé ayé àtijọ́ la ṣì wà ni? Nọ́ọ̀sì, telemẹ́disìn ni mo máa gbé wá fún yín! Dókítà á jókòó sí Amẹ́ríkà, á máa wo inú yín níbí."

Mi ò bá telemẹ́disìn jà o. Ohun rere ni. Bí dókítà gidi bá wà lápá kan, tí nọ́ọ̀sì sì wà lápá kejì, tí àwọn méjèèjì gbọ́ ara wọn yé, ọ̀pọ̀ ìyá ni kì bá tí kú. Ṣùgbọ́n fi ohun rere lé aláfáàrí lọ́wọ́, kó o wá wo ohun tó máa fi ṣe. Nọ́ọ̀sì tọrọ ẹni tí yóò gbé fóònù. Akínlọ́lá fi àwo sátẹ́láìtì tó fẹ̀ bí òrùlé ilé adìyẹ ránṣẹ́ sí i. Ó fi kọ̀ǹpútà àti kámẹ́rà ránṣẹ́. Ó fi àwòrán ara rẹ̀ nínú férémù ránṣẹ́, kí wọ́n gbé e kọ́ sí ògiri. Dókítà tí nọ́ọ̀sì ní kó bá òun wá, ìyẹn nìkan ni kò rántí. Ìyàwó rẹ̀, Adébùnmí, ló lọ bẹ dókítà àwọn aláboyún kan tó ń jẹ́ Jessica, obìnrin Amẹ́ríkà tó jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́, òun náà sì gbà láti fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Akínlọ́lá kéde ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà wa ní Hyattsville. "Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta," ó ní, "nínú gbọ̀ngàn ìjọ, telemẹ́disìn!" Ó sọ ọ́ nímú nímú, bí òyìnbó. Àwọn ìyá ìjọ tó wà lẹ́yìn gbọ́ "tẹ̀lé-mi-dé-ìsìn." Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí wọ́n gbé Bíbélì àti ìwé orin dání.

Ẹ dúró ná. Èyí tó kàn yìí kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Akínlọ́lá ní àbúrò kan ní Ìdí-Ọsàn, Dàpọ̀, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀. Ìyàwó Dàpọ̀, Túndùn, wà nínú oyún. Ó ti lóyún kan rí, ọmọ náà kò dúró. Èyí ti wá gbó, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú. Ọmọ́kẹ́mi ní kí wọ́n gbé e lọ sílùú ní ọjọ́ Ẹtì, kó lọ dúró lọ́dọ̀ ẹbí nítòsí ilé ìwòsàn ìjọba, kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ má bàa ká a mọ́ abúlé. Dàpọ̀ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù láti dágbére. Adébùnmí wà níbẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Dàpọ̀, ṣé orí rẹ pé?" Akínlọ́lá ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. "Mo gbé dókítà Amẹ́ríkà wá bá ìyàwó rẹ nínú yàrá, ìwọ fẹ́ gbé e gun ọ̀kadà?"

"Bọ̀dá, nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga jù."

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni kò ga? Lọ́la ni ìfilọ́lẹ̀. Bí kò bá sí aláboyún níbẹ̀, kí ni kí n fi han àwọn èèyàn? Ewúrẹ́? Ẹ dúró kí n fi yín han ayé, lẹ́yìn náà kí ẹ máa lọ."

"Bàbá Joel," Adébùnmí ní, "ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa lọ."

"Ìwọ náà dákẹ́. Obìnrin kì í mọ nǹkan tí ń jẹ́ ètò."

Ta ni Dàpọ̀ tí yóò kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu, ẹ̀gbọ́n tó tún jẹ́ Dókítà? Wọ́n dúró.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé. Ọ̀sán ni lọ́dọ̀ tiwa, ìrọ̀lẹ́ ni lọ́hùn-ún. Gbọ̀ngàn kún. Akínlọ́lá wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun gígùn bíi ti dókítà, ó fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà kọ́ ọrùn. Àyà ta ló fẹ́ fi gbọ́ láti Hyattsville? Dókítà gidi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú súwẹ́tà rẹ̀, kò fi nǹkan kan kọ́ ọrùn.

Akínlọ́lá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Ó sọ ti ìgbà èwe rẹ̀. Ó sọ bí olùkọ́ rẹ̀ ṣe sọ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ yìí yóò di ńlá. Ó ṣàlàyé àwo sátẹ́láìtì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì wọn bó ṣe fẹ̀ tó. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Akínlọ́lá wà nídìí kámẹ́rà, orí ọmọ tuntun sì ń wọ́ bọ̀ nílẹ̀.

Nígbà tó yá, àwòrán yọ lára aṣọ funfun tí wọ́n ta sí ògiri. Alángbá kan la kọ́kọ́ rí. Wọ́n ti dojú kámẹ́rà kọ àjà.

"Ẹ kí wọn!" Akínlọ́lá pàṣẹ láìwẹ̀yìn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!" Àwọn ìyá ìjọ kí alángbá. Alángbá mi orí sí wọn.

Lẹ́yìn náà ni a rí Túndùn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, tí Ọmọ́kẹ́mi sì dúró tì í. Ojú Túndùn wú. Ó ń fi ọwọ́ kan pa iwájú orí. Dókítà Jessica sún síwájú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó bi í ní èdè Gẹ̀ẹ́sì bóyá orí ń fọ́ ọ, bóyá ó sì ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀. Ọmọ́kẹ́mi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ó fẹ́ dáhùn.

"Má dáhùn, nọ́ọ̀sì! Èmi ni ògbufọ̀." Akínlọ́lá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Túndùn! Dókítà ní ṣé o ń ríran?"

"Kí ni, Bọ̀dá?"

"Ìmọ́lẹ̀! Àmì! Nǹkan tí ojú ẹlòmíì ò rí!"

"Háà, rárá o, Bọ̀dá. Onítẹ̀bọmi ni wá, a kì í ríran. Ṣùgbọ́n orí yìí ti ń fọ́ mi látàárọ̀—"

Akínlọ́lá ti kọjú sí dókítà. "Ó ní ojú òun ríran kedere."

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí wa, ó ń retí àtẹ́wọ́. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Ọlọ́run yóò dárí jì í.

Dókítà Jessica ní kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ Túndùn kí òun rí i. Akínlọ́lá ní kò tíì kàn, pé òun fẹ́ kọ́kọ́ fi àwòrán inú férémù han ìjọ. Ibi tó ti ń sọ fún Ọmọ́kẹ́mi pé kó yí kámẹ́rà sí ògiri ni a ti gbọ́ igbe nọ́ọ̀sì náà lójijì.

"Dókítà! Omi ti dà o! Omi ti dà!"

Kò sí obìnrin kan nínú gbọ̀ngàn náà tí ara rẹ̀ kò ta. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ti Akínlọ́lá yàtọ̀. Ẹni tí omi dà níwájú rẹ̀ ń wá aṣọ ìnulẹ̀ kiri.

"Ẹ nù ún! Ẹ tètè nù ún!" Ó ń fò sókè sódò. "Ẹ gbé kọ̀ǹpútà kúrò nílẹ̀! Waya! Ẹ má jẹ́ kó kan waya! Ta ló gbé omi débẹ̀ ná?"

"Omi Túndùn ni, sà!"

"Kí ló dé tí kò fi mu ún tán kó tó wọlé?"

Mo ní kí n wo ojú Adébùnmí, mi ò lè wò ó pẹ́.

Lójú wa níbẹ̀, Túndùn sún kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì mú, ó tẹ orí ba, ó sì kúnlẹ̀ sílẹ̀ níwájú kámẹ́rà gbọnrangandan.

Gbogbo ìbínú Akínlọ́lá yọ́ bí yìnyín. Ó fa aṣọ funfun rẹ̀ bọ̀ sísàlẹ̀, ó tẹ ọrùn díẹ̀, ó na ọwọ́ sí ara ògiri bí bíṣọ́ọ̀bù tó ń súre.

"Ó tó, ìyàwó wa. Dìde. Mo ti gbà. Ẹ dìde, ẹ dìde."

Túndùn kò dìde. Ó mí kanlẹ̀.

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí i?" Dókítà Jessica ti dìde dúró.

"Ó ń kí mi ni," Akínlọ́lá dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. "Àṣà wa ni. Obìnrin wa tó bá rí ẹni ńlá gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀."

"Ó ti pẹ́ tó ti kúnlẹ̀."

"Ó bọ̀wọ̀ fún mi gan-an ni."

"Yéè!" Túndùn ké lára ògiri. "Yéè, ìyá mi o!"

"Wò ó," Akínlọ́lá sọ fún dókítà, omijé ìdùnnú sì ń bọ̀ lójú rẹ̀, "oríkì mi ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ yẹn."

Ohun tí àwọn obìnrin jókòó rí, Akínlọ́lá fi sátẹ́láìtì wò ó, kò rí i! Gbogbo àwọn ìyá ìjọ ti dìde pọ̀, àwọn ìwé orin ń já bọ́. Ṣùgbọ́n Adébùnmí ló kọ́kọ́ débẹ̀.

"Bàbá Joel! Ẹ gbé ẹnu yín kúrò níbẹ̀! Ìkúnlẹ̀ abiyamọ nìyẹn! Ọmọ ń bọ̀!"

Ọ̀rọ̀ yẹn ba Akínlọ́lá bí ẹsẹ̀ ẹṣin. Ó fò sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ waya íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Ara ògiri di funfun. Túndùn pòórá. Ohùn Ọmọ́kẹ́mi gé sáàárín ọ̀rọ̀.

Obìnrin kan wà lórí orúnkún rẹ̀ ní Ìdí-Ọsàn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó ń ru, pẹ̀lú orí fífọ́ tí ògbufọ̀ rẹ̀ gbé mì, nítorí pé ẹnì kan fẹ́ fi í han ayé. Ayé wá pé jọ, ayé kò sì rí i mọ́.

"Ẹ wọ abẹ́ tábìlì!" Adébùnmí pariwo. "Ẹnu waya ti kán! Ẹ fi ọwọ́ tì í padà!"

Akínlọ́lá rá wọ abẹ́ tábìlì láàárín àwọn irin ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ìka méjì tẹ ẹnu waya mọ́ ihò. Àwòrán padà. Ó tú ìka sílẹ̀ láti jáde. Àwòrán lọ.

"Ẹ padà síbẹ̀! Ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ dì í mú!"

"Adébùnmí, ẹnì kan kó wá gbà á lọ́wọ́ mi—"

"Kò sáyè! Ẹ kúnlẹ̀ síbẹ̀, ẹ má dìde!"

Bẹ́ẹ̀ ni Akínlọ́lá ṣe kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì kọjú sí gbogbo ìjọ.

Láti ìgbà yẹn ni telemẹ́disìn tó bẹ̀rẹ̀. Dókítà Jessica jókòó sídìí kámẹ́rà, Adébùnmí jókòó tì í. Dókítà ń bi Ọmọ́kẹ́mi léèrè, Ọmọ́kẹ́mi ń dáhùn fúnra rẹ̀, Adébùnmí sì ń bá Túndùn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń rọ ọmọ. Ọmọ́kẹ́mi wọn ẹ̀jẹ̀, ó ga púpọ̀. Ṣé abẹ́rẹ́ tó ń dènà gìrì wà? Ó wà. Dókítà sọ bí yóò ṣe fún un, Ọmọ́kẹ́mi sì fún un. Ṣé wọ́n lè gbé e lọ sílùú? Ó ti pẹ́ jù, ọmọ ti dé ẹnu ọ̀nà. Kó dùbúlẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀. Kí Dàpọ̀ lọ wá ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹ̀gẹ́, kó gbé e sí ìdúró.

"Túndùn mi," Adébùnmí ń sọ, "mo wà níbí. Má tíì tì. Mí. O ṣé, ọmọ mi. Mí."

"Yéè!" Abẹ́ tábìlì ni ìyẹn ti wá. "Orúnkún mi o! Adébùnmí, ẹ̀mí mi fẹ́ bọ́!"

"Ẹ mú sùúrù, Dókítà," ìyá ìjọ kan sọ fún un láti òkè. "Kò ní í pẹ́ mọ́."

"Wàyí o, Túndùn, tì!"

"Yéè! Mo gbé! Ẹ gbà mí o!" Ìrora ti sọ ohùn Akínlọ́lá di tín-ín-rín, bíi ti ọmọge.

"Orí ti yọ!" Ọmọ́kẹ́mi ké. Lẹ́yìn náà, kò ké mọ́. A rí i tó gbé ọmọ náà sókè, ọmọ náà sì rọ̀ bí aṣọ tútù. Kò dún. Dókítà Jessica tẹ ara síwájú, ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá. Kó fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Kó fọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀. Kó tún rà á. Dàpọ̀ ti padà dé ẹnu ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún, ó di orí mú.

Ọmọ náà sín. Ó wá fi igbe ta.

Mi ò lè sọ bí gbọ̀ngàn ṣe rí fún yín. Àwọn ìyá tó gbé ìwé orin wá rí ohun tí wọ́n fi í ṣe. Dókítà Jessica ń sunkún, ó sì ń jó, kò mọ orin. Adébùnmí nìkan ni kò kúrò nídìí kámẹ́rà, ó dúró títí Ọmọ́kẹ́mi fi sọ pé ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ti dá, pé ìyá ti rẹ́rìn-ín, pé ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ ti dé, àwọn sì fẹ́ gbé tìyátọmọ lọ sílùú lójú ẹsẹ̀, níbi tí dókítà yóò ti máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru náà.

"Mà, Ọlọ́run yóò bù kún yín," Ọmọ́kẹ́mi ní. Ó fi apá nu òógùn, ó ń wò yíká ojú kámẹ́rà bí ẹni tó ń wá èèyàn. Lábẹ́ tábìlì, Akínlọ́lá gbọ́ ohùn rẹ̀, ó tún aṣọ funfun ṣe, ó retí orúkọ rẹ̀.

"Ẹ má bínú mà," Ọmọ́kẹ́mi bèèrè, "obìnrin tó ń rọbí lẹ́yìn yín yẹn, ṣé òun náà ti bí?"